Ọmọ Wo Ni Ilé-Ìwé Kátólíìkì Classical Bá Mu? Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Maryland

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí òbí kan nínú ìjọ wa kò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó bi mí pé, "Àǹtí, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ yín lọ yẹn, ṣé ó dáa? Ṣé kí n mú tèmi náà lọ?" Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni èmi àti bàbá wọn ti mú lọ síbẹ̀. Èkíní sọkún kúrò, èkejì kò sì ṣeé fà kúrò mọ́. Àwọn tíṣà kan náà ló kọ́ wọn, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ìbéèrè dá àwọn òbí náà lóhùn: irú ọmọ wo ni tiyín?

À ń gbé ní Prince George's County ní Maryland, lẹ́bàá Washington. Nígbà tí àkọ́bí wa, ọkùnrin, wọ kíláàsì keje, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò ti ka girama. Ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wa tóbi gan-an, ọmọ yìí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bóyá ó wá sílé-ìwé tàbí kò wá. Àwọn ilé-ìwé girama Kátólíìkì ńláńlá tó wà ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní $20,000 lọ́dún. Ìgbà yẹn la gbọ́ nípa ilé-ìwé kékeré kan tó ń lo ìlànà classical. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ju tiwọn lọ, ọmọ inú kíláàsì kò sì pọ̀.

Ìlànà yìí kò ṣòroó júwe. Ẹ̀kọ́ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ìgbàanì ni, tí Ìjọ Àgùdà gbà tọ́jú láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n pín in sí ìpele mẹ́ta: gírámà, lójíìkì àti rẹ́tọ́ríìkì. Ọmọ á kọ́kọ́ há ohun tó yẹ kó há sórí, lẹ́yìn náà á kọ́ bí a ṣe ń ronú tí ọ̀rọ̀ kò fi ní takora, lẹ́yìn ìyẹn á wá kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kó yé ẹni tó ń gbọ́. Àwọn olórí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tí Dorothy Sayers, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní Oxford ní 1947, nítorí ọ̀rọ̀ náà ló dá àríyànjiyàn lórí ìlànà yìí sílẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ń kọ́ Látìn, wọ́n ń ka Homer, Virgil, Plato, Augustine àti Dante, wọ́n ń ka ìwé náà fúnra rẹ̀ dípò àkékúrú tí ẹlòmíràn ṣe. Wọn kì í lo fóònù.

Nítòsí wa ní Hyattsville, ilé-ìwé St. Jerome ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé nítorí gbèsè àti àìtó ọmọ, kó tó di pé wọ́n yí ẹ̀kọ́ wọn padà sí ìlànà yìí ní 2010, ó sì gbérí. Ní 2019, St. Jerome Institute ṣí fún àwọn ọmọ girama. Ní Minnesota, Chesterton Academy ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àwọn òbí níbòmíràn sì ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ wa lọ kò sí nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo sọ ọjọ́ orí wọn kí òbí lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára àwọn ilé-ìwé tó ń kọ́ ọ ni kò tíì pé ogún ọdún. Bí ilé-ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè ní tíṣà tó mọ iṣẹ́ gan-an kó má sì ní yàrá kẹ́mísírì.

Ohun tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni bàbá mi. Lọ́wọ́ àwọn Fádà ní Nàìjíríà ni Bàbá ti kàwé, ó kọ́ Látìn níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọmọ pẹpẹ kí ìpàdé Vatican Kejì tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe Mísà ní èdè ìbílẹ̀. Nígbà tí a ti ọjọ́ ìbẹ̀wò ilé-ìwé náà dé, ọmọkùnrin wa mú ìwé pélébé tí wọ́n fún un, ó pe Bàbá lórí WhatsApp, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, ó ní, "Grandpa, ẹ gbọ́ èyí: Introibo ad altare Dei." Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ Mísà Látìn àtijọ́ ni: "Èmi yóò lọ síbi pẹpẹ Ọlọ́run." Ó ń fà á tìkọ̀tìkọ̀. Kò tíì kà á tán tí Bàbá fi gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ad Deum qui laetificat iuventutem meam," ìyẹn ni, "sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó ń mú ìgbà èwe mi dùn." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ojú. Wọ́n ní àwọn kò rò pé àwọn tún máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ àwọn.

Lẹ́yìn ìpè yẹn, èmi àti bàbá àwọn ọmọ kò tún jiyàn mọ́. A ti rí ìdílé wa nínú ilé-ìwé náà. Àwa òbí tí a wà lókè òkun, ohun tó bá so ọmọ mọ́ àwọn àgbà wa níyì lójú wa púpọ̀, ó sì yẹ kó níyì. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́ ló máa ka ojú ìwé ogójì mọ́jú.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan bá wa wí gidi. Ó ní, "Ẹ kúrò ní Nàìjíríà, ẹ wá fi ọmọ sí ibi tí wọ́n á ti máa fi Róòmù kọ́ ọ pé òyìnbó nìkan ló ní ọgbọ́n?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì wádìí rẹ̀ dáadáa. Augustine tí wọ́n ń kà yẹn, ọmọ Áfíríkà ni. Thagaste ni wọ́n bí i sí ní ọdún 354, ilẹ̀ Algeria òde òní. Perpetua àti Felicity, tí a máa ń gbọ́ orúkọ wọn nínú Àdúrà Yukarístì Kìíní, Carthage ni wọ́n ti kú ikú ajẹ́rìíkú ní 203. Ní Washington níbí, Anna Julia Cooper, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú ní 1858, di olórí ilé-ìwé M Street ní 1902. Ó kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gba ipò Látìn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń wọ àwọn yunifásítì tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí ti jẹ́ tiwa tipẹ́. Ohun tó yẹ kí òbí béèrè ni bóyá ilé-ìwé tó wà níwájú rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo orúkọ ìwé tí ọmọ máa kà láàárín ọdún mẹ́rin hàn yín, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó dìde níbẹ̀.

Ọdún kìíní ọmọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní ti jẹ́ọ́mẹ́tírì, ìwé Euclid, ará Gíríìkì ìgbàanì, ni wọ́n ń lò, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì dìde lọ síwájú bọ́ọ̀dù láti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láìwo ìwé. Wọ́n pe àwa òbí wá wò ó lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan, ó fi orí ìlà náà kan ṣe àárín, ó ya òbìrí kan, ó ti orí kejì ya òmíràn, ó wá fa ìlà láti ibi tí òbìrí méjèèjì ti gé ara wọn. Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba jáde lójú bọ́ọ̀dù. Ó yíjú sí wa, ó ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi lè ṣàìdọ́gba. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. N kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níwájú àjèjì rí.

Ibi tí wàhálà wà ni ìwé kíkà. Yípo tábìlì ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á ti ka Iliad, ìwé Homer, nílé, tíṣà á béèrè ìbéèrè kan, àwọn ọmọ á sì máa bá ara wọn jíròrò. Tíṣà kì í ṣàlàyé. Bí ọmọ kò bá tíì kà á tán, kò sí ohun tó máa sọ, ẹni tí kò bá sì sọ̀rọ̀ kò ní gba máàkì. Ọmọ mi máa ń kàwé di ọ̀gànjọ́. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, kí n bá iná yàrá rẹ̀ ní títàn, kó ti sùn lé ìwé lórí, kó tún jẹ́ pé ojú ìwé tó wà lánàá ló ṣì wà. A rò pé fóònù ni, a gba fóònù. A rò pé eré bọ́ọ̀lù ni, a dá eré dúró. Kò sí èyí tó yí nǹkan padà.

Ní ọdún kejì ló sọ fún mi nínú mọ́tò pé, "Mọ́mì, èmi nìkan ni mo gọ̀ níbẹ̀." Mo dá mọ́tò dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ tó fi ẹ̀rí Euclid hàn láìwo ìwé! Mo wá ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ pé dyslexia ni: ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í yára wọlé sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí Nàìjíríà ni kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní IDEA fún ọmọ tó ní irú ìṣòro yìí ní ẹ̀tọ́ sí ètò ìrànwọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òun gan-an, èyí tí à ń pè ní IEP. Ẹ̀tọ́ náà fìdí múlẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Bí òbí bá fúnra rẹ̀ mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni, IEP kì í bá ọmọ débẹ̀. Ẹ ṣì lè ní kí ètò ẹ̀kọ́ ìjọba yẹ ọmọ wò láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì lè fún un ní ìrànwọ́ díẹ̀ látinú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni, ṣùgbọ́n ọmọ yín nìkan kò lè dìde kó ní ẹ̀tọ́ òun ni. Ohun tí ilé-ìwé náà bá fẹ́ ṣe ló kù.

Tiwa ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́. Tíṣà kan ń fi àkókò kún ìdánwò rẹ̀, tíṣà kejì ní ìyẹn kò bá àwọn ọmọ yòókù dọ́gba. A ní kí wọ́n jẹ́ kó máa fetí gbọ́ ìwé tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní kíkà gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò ní olùkọ́ kankan tó kọ́ṣẹ́ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn rere ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ọmọ mi, wọ́n ń gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ, inú sì tún ń bí mi sí wọn títí di òní. Kò yẹ kí wọ́n gba owó wa láìsọ pé àwọn kò ní ohun tí yóò nílò. Ẹ béèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀: ta ni ẹni náà, kí ló kọ́, ìrànwọ́ wo ni wọ́n ti ṣe fún ọmọ mìíràn? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé.

A yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún kejì. Ó ti ní ojútì nínú, kí n má parọ́. Àwọn tó ti gbọ́ lẹ́nu wa pé ọmọ wa ń kọ́ Látìn ń béèrè rẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ̀ kò fẹnu kò, torí òun gbà pé kí ó forí tì í. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà ni pé ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́. Ó wọ ilé-ìwé ìjọba tí a ń sá fún. Wọ́n ka Látìn rẹ̀ sí èdè àjèjì, wọ́n ka ẹ̀kọ́ ìsìn rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ àṣàyàn, wọ́n ṣe IEP fún un, ó sì ní iṣẹ́ ìrànwọ́ ìlú tí Maryland ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba kí wọ́n tó jáde, èyí tó ní láti sáré ṣe. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà báyìí. Ó ṣì fẹ́ràn Euclid.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá sọ pé òun fẹ́ lọ síbẹ̀. Mo kọ̀. Ó bá mi jiyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń to ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì ti fèsì, á dákẹ́ ronú, á tún wá sọ èyí tó bọ́gbọ́n mu jù nínú ohun tí mo sọ kó tó já a. Níbi àríyànjiyàn náà ni mo ti rí i pé ọmọ yìí yàtọ̀. Ìwé ò sú u, ó máa ń padà ka èyí tó ti kà tẹ́lẹ̀, kò sì bẹ̀rù kí ẹlòmíràn sọ pé ó ṣì í.

Lọ́tẹ̀ yìí, a kò lo ọjọ́ ìbẹ̀wò, níbi tí gbogbo ọmọ ti wọ aṣọ tuntun tí wọ́n sì ń kọrin. A ní kó lọ jókòó ní kíláàsì kìíní girama lọ́jọ́ iṣẹ́ lásán, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé, n kò bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀, nítorí ọmọ lè gbádùn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní kó sọ ohun kan tí ẹnì kan sọ nínú kíláàsì tí òun kò fara mọ́. Ó sọ ọ́ títí a fi jẹun tán. Mo tún ní kí ilé-ìwé fi àròkọ kan tí ọmọ kíláàsì kìíní kọ hàn mí, láìsí orúkọ, kí n lè rí ohun tí tíṣà kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àlàyé. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ lọ.

Ní ọdún tó kọjá wọ́n ń ka Sophocles, ìtàn Oedipus ọba. Bàbá rẹ̀ gbọ́ tó ń kà á sókè, ó ní òun mọ ìtàn yìí, Ọdẹ́wálé ni ọba náà ń jẹ́. Ìwé Ọlá Rótìmí tó kà nílé-ìwé girama ló ń wí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Ifẹ̀ ní 1968. Ọmọ náà kò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi wá ìwé náà rí. Àwọn méjèèjì jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀, ìwé méjèèjì ní ṣíṣí níwájú wọn, wọ́n ń wo ibi tí Rótìmí ti fi ìjà orí ilẹ̀ rọ́pò ìjà oríta ti àwọn ará Gíríìkì. Ó kọ àròkọ lé e lórí. Tíṣà rẹ̀ ní kí ó ka ìwé ti Rótìmí sí etí gbogbo kíláàsì.

Síbẹ̀, ìṣòro wà. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ di, ìṣirò àti kẹ́mísírì ilé-ìwé náà kò sì lágbára tó. Tíṣà ìṣirò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nígbà tí onítọ̀hún kúrò láàárín ọdún, àwọn ọmọ kàn ń ṣe é fúnra wọn ni. Wọn kò ní kíláàsì AP, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpele yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ ní girama. A wá ìforúkọsílẹ̀ fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, Prince George's Community College, kó lè ka kẹ́mísírì níbẹ̀ kó tó jáde girama. Ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ ìṣirò, iye ọdún tó ti lò níbẹ̀, àti ibi tí ìṣirò wọn dé ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Wọ́n tún lè sọ fún yín nípa CLT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì bíi SAT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí àwọn yunifásítì ìjọba Florida sì ń gbà láti 2023. Ó bá ẹ̀kọ́ wọn mu, ṣùgbọ́n ẹ wo yunifásítì tí ọmọ yín ń fojú sí kí ẹ tó ní kí ó fi SAT sílẹ̀.

Owó náà kò mọ sí owó ilé-ìwé. Kò sí bọ́ọ̀sì. Èmi àti ìyá kan tí a jọ ń gbé ládùúgbò la ń pín ìrìn àjò náà ṣe, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn òbí gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì wá owó síbi àpèjẹ ọdọọdún. Bí kíláàsì bá kéré, ìjà láàárín ọmọbìnrin méjì á di ìjà gbogbo kíláàsì, kò sì sí kíláàsì mìíràn tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ẹ tún wo ẹni tó ni ín. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé yìí, àwọn òbí ló dá wọn sílẹ̀, wọn kò sí lábẹ́ ìjọ kankan. Òfin Ìjọ, canon 803, sọ pé ilé-ìwé kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní Kátólíìkì láìjẹ́ pé aláṣẹ Ìjọ fọwọ́ sí i, nítorí náà ó tọ́ kí ẹ béèrè bóyá Bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ sí tiwọn. Ẹ lọ bá wọn jókòó ní Mísà, kí ẹ wò bóyá ọmọ yín á lè gbàdúrà níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa ti wọ kíláàsì keje. Ó fẹ́ràn orin, ó lè kàwé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tako òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí a má mú un lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kí a mú un lọ. Ní oṣù kẹwàá, ó máa lọ jókòó ní kíláàsì wọn fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà á tún lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde. A kò tíì san owó fọ́ọ̀mù níbì kankan.